Bí Alága Láńlókùn Ṣe Gba Àṣẹ Ogun Ìjàlọ ní Òkè-Eésún

Ẹ bá mi kí Ìṣọ̀lá Láńlókùn, alága ẹgbẹ́ onílé Òkè-Eésún, ọkùnrin gbọnrangandan bí òpó iná, ọmọ Láńlókùn àgbà tó fi fìlà lásán dá ẹlẹ́dẹ̀ tó já dúró lójú títì, ọmọ-ọmọ ẹni tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí rédíò aládùúgbò fi panu mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́! Ìyá tó bí i, bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ létí kànga, omi a máa gòkè wá pàdé korobá (bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún mi o, n kò sí níbẹ̀). Ó rìn, ilẹ̀ mọ̀. Ó sín, fèrèsé dáhùn. Ikùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé bí òjíṣẹ́ ọba, ohùn rẹ̀ a sì máa kẹ́yìn bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. Èmi tí mo ń ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, tí mo ń to àga, tí mo ń gbálẹ̀ ibẹ̀, èmi ni mo ń sọ ọ́. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá rí i pé mo fo ibì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fò ó, nítorí alága ń gba iwájú ilé mi kọjá láràárọ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Bó ti dá báyìí, ọ̀tá jáde láti inú igbó eésún létí odò. Ìjàlọ ni! Kì í ṣe èèrà yẹpẹrẹ tí ń wá ṣúgà kiri o. Ìjàlọ, dúdú tó pọ́n, ẹnu bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ọmọ-ogun tí kì í gba owó oṣù, tí kì í béèrè ìsinmi, tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí okùn tí ẹnìkan ń fà láti òpin ayé. Wọn kò kéde ogun. Wọn kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn yà sí ilé adìẹ alága, níbi tí àgbébọ̀ rẹ̀ kan ti ń sàba, kí á tó sọ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, ìyẹ́ ló kù.

Háà! Láńlókùn kò dúró wọ ẹ̀wù. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, ìró ìyàwó rẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀, ó gbá ìgbálẹ̀ mú lọ́wọ́ ọ̀tún bí ẹni gbá idà mú, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ òsì, ó sì bú ramúramù bíi kìnnìún tí wọ́n jí lójú oorun: "Lórúkọ gbogbo onílé Òkè-Eésún!" Ó bọ́ sójú ogun. Èmi ni mo gbé abọ́ eérú tẹ̀lé e. Òun ló pàṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé òun ló pàṣẹ.

Ó da kẹrosíìnì, ó da eérú, ó gbá, ó tẹ̀. Ẹgbẹ́ ogun náà pín sí méjì: apá kan gba ọ̀nà gọ́tà lọ, apá kejì rá pálá sábẹ́ ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, a kò rí wọn mọ́. Àwọn tó kù, ara alága ni wọ́n gùn. Ìgbà náà ni akọni gun orí àgbá omi. Àwọn aláròká ní ó sá ni. Èmi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gágun níláti wà níbi gíga kó lè rí ojú ogun dáadáa.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé òfin wà. Lára ògiri gbọ̀ngàn, ní ọ̀dà pupa, àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé alága kò gbọdọ̀ bá ohunkóhun jà lórúkọ gbogbo wa láìjẹ́ pé ìpàdé dìde fún un, bó bá jà bẹ́ẹ̀, kó fi kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lélẹ̀, kó sì kúrò nípò. Dídìde yẹn gan-an ni ìbò wa. Tẹ́lẹ̀ rí, ọwọ́ ni wọ́n ń nà, àmọ́ àwọn kan ń na méjèèjì. Wọ́n wá ní kí ẹni tó bá gbà dìde, kí ẹni tó bá kọ̀ jókòó, torí kò sí ẹni tó lè dìde lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìpàdé pé. Baba Awótóyè, tó ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Alága, ta ló kéde ogun yìí?"

"Baba, kì í ṣe ogun, sà. Ìbáwí ni."

"Ìbáwí tó gbé kẹrosíìnì ẹgbẹ́ lọ?"

"Ìbáwí líle ni, sà."

Ìyá Adùbí, tí ilé rẹ̀ wà létí gọ́tà, pàtẹ́wọ́. "Ẹ bi í dáadáa, Baba! Adìẹ ta ni wọ́n jẹ? Nígbà tí eku ń jẹ wáyà ilé tèmi, ṣé alága gbé ìgbálẹ̀? Ó ní kí n máa gbàdúrà!"

"Ìyá Adùbí, àwọn eku yẹn kò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́."

"Ẹ̀yin náà kò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nígbà tí ẹ ń gun àgbá. Ìró ìyàwó yín ni gbogbo àdúgbò ń wò!"

Gbọ̀ngàn dà rú fún ẹ̀rín. Mo wo ilẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Akọni dìde, ó na ìka sókè, ó sọ̀rọ̀ bí àrá tó gba àṣẹ láti sán. Ó ní adìẹ ni lónìí, ó lè jẹ́ ewúrẹ́ lọ́la, ó lè jẹ́ Ìyá Adùbí lọ́túnla. Ó ní kí ìpàdé fọwọ́ sí èyí tí òun ti ṣe, kí wọ́n sì fi àṣẹ èyí tí òun máa ṣe kún un. "Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó dìde!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Ẹnìkan gbá ẹ̀fọn, ó sì tọrọ gáfárà.

Mo wá rí ọwọ́ alága tó ń lọ sí ọrùn rẹ̀, níbi tí kọ́kọ́rọ́ náà so kọ́ lára okùn funfun. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò sí nǹkan mìíràn tí àwọn èèyàn fi ń kí i. Baba Kọ́kọ́rọ́ ni àwọn ọmọdé ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ló yan okùn yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè rẹ̀. Mo rò nínú ara mi pé bí ọkùnrin yìí bá ṣubú, wọ́n á wá béèrè ẹni tó gbé eérú.

Ibi tó ti ń tú okùn ni Ìyá Adùbí ti fò sókè. "Yéè! Itan mi o!"

Àwọn tó rá pálá sábẹ́ ìpìlẹ̀ láàárọ̀ ti gba ihò ilẹ̀ yọ sábẹ́ àga! Alága wò ó. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n mú iná dé. "Ẹ ṣeun, Ìyá Adùbí! Mo rí yín!"

"Ta ló ń dìbò fún ọ? Wọ́n ń jẹ mí!"

"Ẹ ti dìde, mo ti kà yín!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì apá ọ̀tún dìde. Ti apá òsì náà dìde, wọ́n ń fò, wọ́n ń gbọn ṣòkòtò, wọ́n ń jó ijó tí kò lórin. Àwọn tó fẹ́ràn alága dìde, àwọn tó kórìíra rẹ̀ tún dìde jù wọ́n lọ. "Ẹni tó bá kọ̀, kó jókòó!" ni alága ń pariwo. Ta ló fẹ́ jókòó?

Ẹnìkan ṣoṣo ló jókòó. Baba Awótóyè ni. Òógùn ń ṣàn létí rẹ̀, ó di apá àga mú bí atukọ̀ tí ìjì ká mọ́ agbami.

"Baba, wọ́n ti dé orúnkún yín, sà."

"Òfin kò ní orúnkún."

"Wọ́n ti kọjá orúnkún, sà."

Baba pa ojú dé. Lẹ́yìn náà ó dìde, díẹ̀díẹ̀, bí erin tó kọ̀ láti sáré, ó ní, "Mo dìde, àmọ́ inú mi ṣì jókòó."

"A kì í ka inú níbí, sà. Ẹsẹ̀ là ń kà. Gbogbo ilé ti fọwọ́ sí i!"

Báyìí ni Láńlókùn ṣe tún okùn rẹ̀ so, tó gbé ìgbálẹ̀, tó já síta pẹ̀lú gbogbo àṣẹ Òkè-Eésún lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wá ọ̀tá. Kò sí ọ̀tá. Ìjàlọ ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá, wọ́n ti wọ igbó wọn lọ. Akọni wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Lójijì, ó ké igbe kan tí ajá ìsàlẹ̀ odò gbọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọrùn ara rẹ̀ gbàà! Jagunjagun ìjàlọ kan ló sá pamọ́ sínú okùn kọ́kọ́rọ́. Ó já bọ́ sílẹ̀. Kò mira.

Baba Awótóyè wọ awò ojú rẹ̀, ó ń họ itan, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ó ti kú," ló wí. "Ó sì kú lábẹ́ òfin."

Nítorí náà, kí odò gbọ́, kí eésún gbọ́, kí gọ́tà àti gbogbo ohun tí ń rá nínú rẹ̀ gbọ́: Ìṣọ̀lá Láńlókùn ti jagun, ó ti gba àṣẹ, ó ti ṣẹ́gun! Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọrùn náà wú bí iṣu, kò sì ṣeé yí sọ́tùn-ún tàbí sósì, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti ọjọ́ náà títí di òní, bó bá ń kọjá, iwájú nìkan ló ń wò bí ọba.