Bàbá Onímàlúù àti Ẹ̀rọ Tí Kò Létí

Yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ wàrà kò tóbi rárá: tábìlì kan, fìríìjì kan, àti ẹ̀rọ tuntun tó jókòó sáàárín bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Bàbá Onímàlúù gbé agolo wàrà kan wọlé, ìyókù wà nínú ọkọ̀ níta. Bí wọ́n bá rí oògùn màlúù nínú ẹyọ kan yìí, gọ́tà ni gbogbo wọn ń lọ. Ẹ sì kúkú mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ìkíni rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

"Ìyá Aláyẹ̀wò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá. Ẹ gbé agolo yẹn síbí."

"Ìyá ọkọ yín ńkọ́?"

"Ìyá ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yin náà wá síbi ìsìnkú."

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀ ẹ̀ díẹ̀."

Ìyá Aláyẹ̀wò ò jókòó. Ó bu wàrà díẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó tì í bọ inú ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì ká apá mọ́ àyà.

"Ó ti tán?"

"Tèmi tán. Ó ku tiẹ̀."

"Ẹ ò ní dà á, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ yí i, kẹ́ ẹ tún un sẹ́ títí di ọ̀sán, bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ báyìí. Wàrà kì í ṣe omi lásán, Bàbá. Ọ̀rá wà níbẹ̀, oríṣiríṣi nǹkan wà níbẹ̀, oògùn á sì sá pamọ́ sáàárín wọn. Ẹ̀rọ yìí á yọ ọ̀rá, á sẹ́ ìyókù, á fa oògùn jáde, á wọ̀n ọ́n. Kí n tó mu omi tán, ó ti parí."

Ojú Bàbá kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Ayé ti bàjẹ́. Láyé ọjọ́un, ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, èmi náà ń bá yín dá àpárá."

"Àpárá wo? Bí mo bá ka ohun tí mò ń kán sínú ìgò dé mẹ́rìndínlógún, ẹ̀yin á ní, 'Àkọ́bí yín ńkọ́?' Mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení!"

"Ìfẹ́ ni."

"Ìfẹ́ yín ló jẹ́ kí n kọ èsì yín sára agolo ẹlòmíì nígbà méjì."

Bàbá sún mọ́ ẹ̀rọ, ó ṣí fìlà, ó tẹríba. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ẹ̀rọ kùn.

"Ó dáhùn!"

"Ó ń yí wàrà yín ni. Kò létí."

"Kò létí? Báwo lèèyàn á ṣe wá bẹ̀ ẹ́?"

"Kí lẹ fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún?"

"Èmi kọ́! Ẹ jẹ́ ká ní ọkùnrin kan wà. Ọmú màlúù ẹ̀ wú, ó gún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò. Wọ́n ní wàrà ẹ̀ ò gbọdọ̀ dé ọjà fún ọjọ́ méje."

"Ọjọ́ mélòó lọkùnrin yẹn wá dúró?"

"Kò mọ ìṣirò."

"Mélòó, Bàbá?"

"Ṣé ẹ rí i, ọkùnrin yẹn, n ò mọ̀ ọ́n dáadáa."

Ẹ̀rọ dún gbì-ín. Bàbá dijú, ó ká ọwọ́ lérí. Ìyá Aláyẹ̀wò wo ojú ẹ̀rọ, ó tún un wò.

"Bàbá, wàrà yín mọ́. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Ẹ lọ máa kó ìyókù wọlé."

Bàbá fò sókè. Ó jó dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ìdí kan ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀.

"Kò sí kankan?"

"Rárá."

"Bíńtín ńkọ́?"

"Bó ṣe pé ó kán lẹ́ẹ̀kan péré sínú odindi àgbá, ẹ̀rọ yìí á rí i."

"Ẹ tún un yẹ̀ wò."

"Bàbá, ẹ máa lọ jàre!"

"Mo ní ẹ tún un yẹ̀ wò! Abẹ́rẹ́ mẹ́rin! Láàárọ̀ àná, ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi gún un! Níbo ló gbà lọ?"

"Ta ló tà á fún yín?"

"Ọkọ ọmọ mi ni! Ó ní ojúlówó ni! Yéè! Mo fún un lọ́mọ, ó fún mi lómi!"

Ìyá Aláyẹ̀wò ti fa bírò yọ. Ó ń kọ̀wé, kò sì gbójú sókè.

"Kí lẹ ń kọ?"

"Abẹ́rẹ́ mẹ́rin, àárọ̀ àná. Bí ẹni tó ni wàrà bá fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́, gọ́tà ni. Òfin ilé iṣẹ́ nìyẹn."

"Ẹ̀rọ ṣáà ti dá mi láre! Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní òun ló gba iṣẹ́ ṣe!"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìkan ló gbà, Bàbá. Etí mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."