Mo Pa Orúkọ Rẹ́, Wáìfáì Bá A Lọ

Ọjọ́ tí mo sọ kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi di odi kò lè kúrò lọ́kàn mi, bó ti wù kí n gbìyànjú tó.

Èmi àti àwọn tí mi ò rí rí la jọ ń tún Linux ṣe, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Láti ilé wa l'Ọ́wọ̀ ni mo ti ń ṣe tèmi. Apá tó ń darí wáìfáì ní ìwà kan tó ń bí mi nínú: kó tó ròyìn ohunkóhun, á kọ́kọ́ dárúkọ ibi tó ti ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ Linux fúnra rẹ̀ lè fi orúkọ yẹn síwájú ìròyìn. Orúkọ kan, ẹ̀ẹ̀mejì! Mo ní màá pa á rẹ́. Kí ló le níbẹ̀? Mo mọṣẹ́ mi jàre.

Kọ̀ǹpútà Àǹtí Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe tíṣà ní Ifọ̀n, nìkan ló ní irú wáìfáì náà nílé wa. Ó wálé lọ́jọ́ yẹn torí pé wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ tuntun. Bó ṣe lọ jẹun báyìí, mo fi àtúnṣe mi síbẹ̀, mo tún kọ̀ǹpútà tàn. Wáìfáì kọ̀ jálẹ̀.

Mo yẹ ìròyìn ẹ̀rọ wò. Yéè! "Ó kùnà. Ó kùnà. Ó kùnà." Kò sí èyí tó sọ ibi tó ti kùnà. Ìròyìn àyẹ̀wò, èyí tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń kọ fún ara wa, nìkan ni Linux ń bá ni fi orúkọ sí, kì í fi sí ti àṣìṣe. Èmi ọ̀gá ti gbá méjèèjì pọ̀, mo sì ti ṣèèṣì pa ohun tó ń gbé wáìfáì dìde rẹ́ mọ́ ọn.

Àǹtí yọ sí mi. "Kí ló ṣe é?"

"Ẹ má bínú, mà. Ó kùnà ni."

"Kí ló kùnà?"

"Kò sọ, mà."

"Ta ló ní kó má sọ?"

"Èmi ni, mà."

"Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ìwọ lo máa wá kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní Ifọ̀n!"

Mo sáré tún kọ̀ǹpútà tàn, mo yan Linux ti tẹ́lẹ̀, wáìfáì dìde. Àǹtí dé iwájú àwọn ọ̀gá tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò tòun ti òógùn lójú. Wọ́n gbà á síṣẹ́, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run.

Mo wá fara balẹ̀ tún iṣẹ́ náà ṣe, mo dá orúkọ padà sára ìròyìn àṣìṣe, mo dá ohun tí mo ṣèèṣì pa rẹ́ padà, ti ìròyìn àyẹ̀wò nìkan ni mo pa rẹ́. Àṣà àwa tó ń tún Linux ṣe ni pé a máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá ni dán iṣẹ́ wò sísàlẹ̀ rẹ̀. Àǹtí gbọ́.

"Ta ló jìyà ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó yá, kọ orúkọ mi síbẹ̀."

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ẹ má fi ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ dán nǹkan wò láìtọrọ. Iṣẹ́ náà ti wọ inú Linux báyìí. Mo pa orúkọ rẹ́ níbẹ̀ lọ súà, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fi kún un, t'Àǹtí Bọ́lá ni, kò sì sí bí mo ṣe lè pa á rẹ́ mọ́. Ẹ̀rín ara mi ń pa mí!