Ta Ni Darlene?

Gordy Stachowiak pariwo "Darlene!" létí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ó ju bọ́ọ̀lù, fìììì, bọ́ọ̀lù balẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó yẹ, gbogbo ìlú Sheboygan fò sókè.

Bernadette, ìyàwó rẹ̀, nìkan ni kò fò.

Iwájú tẹlifíṣọ̀n ló wà nílé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé sọ́sééjì tó ń jẹ sílẹ̀, ó ní, "Bernie, ta ni Darlene?"

Ẹ wo wàhálà. Gordy ti lé lógójì ọdún. Bọ́ọ̀lù tiwọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, apá Gordy sì ti rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín lójú títì ló ń wà kiri, àfi ìgbà tí ajubọ́ọ̀lù méjèèjì tí ẹgbẹ́ Sheboygan ní fara pa, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Kóòṣì Hoekstra, wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pè é ní Bàbá Àgbà. Orúnkún rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tó ti padà dé, wọn ò pàdánù rí.

Àṣírí rẹ̀ ni Darlene. Bó bá ti pe orúkọ yẹn, ẹgbẹ́ rẹ̀ á mọ̀ pé ó ti yí ọgbọ́n padà, bọ́ọ̀lù jíjìn ló fẹ́ jù.

Gordy ṣàlàyé fún Bernadette títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kì í ṣe èèyàn, ọ̀rọ̀ àmì lásán ni, Kóòṣì ló yàn án.

"Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé? Kí ló dé tí ò yan ànàmọ́?"

Bernadette là á mọ́lẹ̀ fún un pé bó bá tún pe obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má wulẹ̀ wálé mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́ kojú ẹgbẹ́ ìlú Oshkosh. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, iṣẹ́ Gordy tún bọ́ nìyẹn, ó di ìdí yìnyín.

Gordy bẹ Kóòṣì. Kóòṣì kùn títí, ó ní ó dáa, kó máa pe Bernadette.

Ọjọ́ pé. Bernadette fúnra rẹ̀ wá sí pápá, ó sì fa ìyàwó Kóòṣì dání, ẹni tí kò wo bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Gordy bẹ̀rẹ̀, ó gbé ohùn sókè: "Bernadette!"

Ẹ̀rín ń pa mí o jàre!

Àwọn géńdé tó yẹ kó dáàbò bò ó, àwọn èèyàn tó tó òkè wọ̀nyẹn, wọ́n ti jẹun nílé Bernadette rí, ó sì ti lé wọn síta níbẹ̀ nítorí bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ orúkọ rẹ̀, gbogbo wọn yíjú sẹ́yìn kí wọ́n wo ibi tó ti ń bọ̀.

Gbììì!

Odidi Oshkosh jókòó lé Gordy lórí.

Ó tún pè é. Wọ́n tún yíjú.

Gbììì!

Ó wá ku bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, Oshkosh ṣì ń fi díẹ̀ ṣíwájú. Gordy la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Pápá pa rọ́rọ́, torí ará Sheboygan kì í pariwo bí ajubọ́ọ̀lù wọn bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè wo Bernadette. Bernadette wo koríko tó kún ihò imú ọkọ rẹ̀.

Ó dìde. "Gordy, pe Darlene rẹ kí á lè lọ sílé!"

Àwọn géńdé gbọ́ Darlene. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹnu ta ló ti jáde. Wọ́n gbéra, bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ Gordy, fìììì, ó dé ibi tó ń lọ.

Wọ́n borí.

Nínú ariwo yẹn ni ìyàwó Kóòṣì ti rọra yíjú sí Bernadette, tó bèèrè pé Darlene wo. Bernadette ní ẹ má dá Gordy lẹ́bi o, ọkọ yín ló yan orúkọ náà.

Nírọ̀lẹ́, bí tọkọtaya ṣe fẹ́ jẹun, kó-kó-kó. Kóòṣì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìrọ̀rí lábẹ́ abíyá. Ó ní ìyàwó òun ní kí òun máa lọ sílé Darlene.

"Ẹ ò bá lọ síbẹ̀ ná, Kóòṣì," ni Gordy wí.

"Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Oshkosh ni ọkọ rẹ̀ ń tì lẹ́yìn."