Bọ́ọ̀lù Ti Sùn, Ẹ Má Jí I

Gbàù! Bọ́ọ̀lù tún ba bàbá mi ní ìpàkọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀tá ló gbá a o. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà!

Ara mọ́tò tó bá tẹ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi òòlù lù títí á fi tọ́. Bọ̀ọ̀dá Gbàù là ń pè é. Tó bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ tètè ránṣẹ́ sí káfíńtà. Irú ọwọ́ yẹn ni wọ́n wá kó pátákó píkúbọ́ọ̀lù lé, pé kó máa fi gbá bọ́ọ̀lù oníke, tó fúyẹ́ bí èèpo ẹyin, kọjá àwọ̀n!

Bàbá mi ń fọwọ́ pa ìpàkọ́. "Ìwọ ọkọ ọmọ mi, Sátidé la máa gbá àṣekágbá. Tóo bá tún lù mí, mò ń mú ọmọ mi lọ sílé."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Bọ̀ọ̀dá sáré wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. "Àbúrò, gbà mí! Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbá a tí kì í ké."

Mo mú un lọ sí pápá. "Ẹ wo iwájú àwọ̀n lódìkejì yẹn. Kíṣìnì là ń pè é. Ẹ kàn rọra sọ bọ́ọ̀lù síbẹ̀, jẹ́jẹ́."

Ó lóun ti gbọ́. Ó ju apá.

GBÀÙ! Bọ́ọ̀lù fo ògiri, ó lọ jí ajá aládùúgbò.

"Jẹ́jẹ́, Bọ̀ọ̀dá!"

"Jẹ́jẹ́ mi nìyẹn!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Mo ní kó ṣe bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ kọ́ síliki. Ó lóun ò ránṣọ rí. Mo wá rántí ọmọ tuntun wọn, ọmọ tí eṣinṣin bá wúkọ́ lásán, á jí.

"Bọ̀ọ̀dá, tí ọmọ yẹn bá sùn lọ́wọ́ yín, báwo lẹ ṣe ń tẹ́ ẹ sí bẹ́ẹ̀dì?"

Ojú ẹ̀ yí padà. Èjìká rọlẹ̀. "Háà, ìyẹn? Wàá tẹ orúnkún. Wàá mú èémí dúró. Wàá wá máa yọ ìka lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Bọ́ọ̀lù lọmọ. Kíṣìnì ni bẹ́ẹ̀dì."

Ó tẹ orúnkún. Ó mú èémí dúró. Bọ́ọ̀lù kọjá àwọ̀n tééé… pẹ́.

"Ó ti sùn," ló sọ sí mi létí.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ọ̀mì! Ayò kan ló kù. Apòògùn kan àti nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ló ń bá wọn gbá a. Apòògùn gbá bọ́ọ̀lù wá fòò! Bàbá mi ti yáa fi pátákó bo ìpàkọ́.

Bọ̀ọ̀dá tẹ orúnkún.

Tééé… Bọ́ọ̀lù kọjá bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Pẹ́, inú kíṣìnì! Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó gbé pátákó sókè, ó fẹ́ gbá a padà.

Bọ̀ọ̀dá fìka sẹ́nu. "Ṣíìì! Ẹ má jí i!"

Nọ́ọ̀sì dúró gbagidi, ẹsẹ̀ kan lókè! Ló bá ń fẹ̀yìn rìn, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀.

"Gbá a!" Apòògùn ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí i. "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Rọra sọ̀rọ̀!"

Bọ́ọ̀lù ta lẹ́ẹ̀kejì láìsí ẹni tó gbá a, ó yí lọ. Ẹni tó ń ka ayò pàápàá, ńṣe ló ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ayò ti wọlé."

Wọ́n jẹ! Ayọ̀ mú kí Bọ̀ọ̀dá gbàgbé ara ẹ̀. Ó na ọwọ́ òòlù yẹn. "Bàbá, a ti jẹ ẹ́!"

GBÀÙ! Ẹ̀yìn Bàbá.

Bàbá fò lọ sínú àwọ̀n, ó há síbẹ̀ bí ẹja.

Ẹ̀gbọ́n mi wo bàbá ẹ̀, ó wo ọkọ ẹ̀, ó mú báàgì ẹ̀ nílẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá sáré tú Bàbá kúrò nínú àwọ̀n, ó gbé e mọ́ àyà. Ó tẹ orúnkún. Ó mú èémí dúró. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ńṣì, ó wá ń yọ ìka lábẹ́ ọrùn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi yọ́ dé ibẹ̀. "Bàbá, ṣé kí n lọ di ẹrù mi?"

Bàbá ò lajú.

"Ṣíìì. Má jí mi."