Mọ̀nàmọ́ná Lyle àti Ẹ́líkì Ọdún Mẹ́rìnlá

Ẹjọ́ kan wọ ààfin wa ní Tamarack Creek lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín pa ìgbìmọ̀. Ààfin ọ̀hún, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọdẹ ni, orí ẹran mẹ́sàn-án ló wà lára ògiri, sítóòfù onígi sì ń jó láàárín. Olóyè Thora Skaar ló wà lórí àga, ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó ti ń yìnbọn kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó hu eyín. Ìwo ẹran ló fi ń lu tábìlì bí ariwo bá pọ̀.

Orrin Tvedt ló pe ẹjọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Orrin, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ ń hó. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló fi ń forúkọ sílẹ̀ kí ìjọba tó fún un níwèé àṣẹ láti pa akọ ẹ́líkì kan ṣoṣo lórí òkè wa. Ẹ́líkì kẹ̀, àgbọ̀nrín tó tó màlúù! Ọdún yìí ni orúkọ rẹ̀ jáde, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú sì ni ìwé náà máa parí iṣẹ́.

"Olóyè, ẹ gbà mí o! Àna mi ti ba ayé mi jẹ́!"

Lyle Haugen, àbúrò ìyàwó rẹ̀, jókòó lódìkejì, ó ń fi aṣọ nu ọta ìbọn kan bí ìyá tó ń nu imú ọmọ.

"Kí ló ṣe ọ́?" ni Olóyè bi Orrin.

"Ọta àdáṣe ni, Ìyá. Gbogbo ayé ń ra ọta 30-06. Ìsọ̀ tí ò ní búrẹ́dì pàápàá ní in. À ń yìn ín, ẹran ń kú. Lyle ní kò tó òun! Ó kó èèpo idẹ àwọn 30-06 tí mo ti yìn, ó fún ọrùn wọn pinpin, ó ti èjìká wọn sókè, ó rọ ẹ̀tù kún wọn, ó ki orí ọta tín-ín-rín bọ̀ wọ́n lẹ́nu, ó wá sọ wọ́n ní Mọ̀nàmọ́ná Lyle!"

"Orúkọ náà yẹ wọ́n," ni Lyle wí.

"Ta ló ń tà á?" ni Olóyè béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ń tà á, Ìyá. Èmi nìkan ni mo ní in láyé."

"Bó bá tán lọ́wọ́ rẹ lórí òkè ńkọ́?"

"Màá sọ̀kalẹ̀ wá sílé, màá ṣe òmíràn."

"Ẹ́líkì á sì máa dúró dè ọ́, àbí?"

Lyle tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọta rẹ̀. Orrin gba ọ̀rọ̀ padà.

"Ìyá, ìdí ọta yẹn gan-an lọ̀ràn wà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe èèpo náà ti tẹ 30-06 sí i nídìí. Lyle yí ọrùn padà, ó yí èjìká padà, kò yí ìdí padà! Ó to ogún sínú páálí, ó dorí wọn kodò, ó gbé e sórí tábìlì ìdáná wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo wo ìdí, mo rí 30-06, mo gbé páálí, mo gòkè. Ẹ́líkì yọ! Ẹ̀ka ìwo mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì. Ó dúró wò mí. Mo ki ọta bọ ìbọn, kò wọlé. Mo ki òmíràn, kò wọlé. Mo yọ ọ́, mo wo orí rẹ̀... Mọ̀nàmọ́ná Lyle ni."

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlá.

"Lyle, níbo nìwọ wà nígbà náà?"

"Mo wà lódìkejì àfonífojì, Ìyá. Ìwé àṣẹ tèmi, abo ni. Abo mẹ́jọ ló sì wà lẹ́yìn akọ yẹn."

"Kí ló dé tó ò yìnbọn?"

Lyle wúkọ́. "Páálí tó wà lọ́wọ́ mi... ti àna mi ni."

Ẹ̀rín bú! Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé sítóòfù. Olóyè fi ìwo lu tábìlì títí apá fi ro ó.

"Kì í ṣẹ̀bi mi!" ni Lyle figbe ta. "Mo kọ orúkọ sórí téèpù funfun, mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí ni ẹ̀gbọ́n mi Arlys pè mí wá jẹun. Ṣé èèyàn á wá jẹ́ kí páńkéèkì tutù ni?"

"Níbo ni téèpù náà wá wọlé sí?"

Arlys, ìyàwó Orrin, dìde. "Ó wà lára ìgò jáàmù mi, Ìyá. 'Mọ̀nàmọ́ná Lyle, ẹ ṣọ́ra, ó lágbára.' Pásítọ̀ tó wá bá wa jẹun ló kọ́kọ́ kà á. Kò fẹnu kan jáàmù yẹn o."

"Àwọn páálí ńkọ́?"

"Èmi ni mo palẹ̀ tábìlì mọ́. Mo wo ìdí ọta inú ti àkọ́kọ́, 30-06. Mo wo èkejì, 30-06. Mo ní ọpẹ́ ni, Lyle ti fi iṣẹ́ wèrè yẹn sílẹ̀. Mo gbé ọ̀kan fún olúkúlùkù."

"Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú tèmi!" ni Orrin wí.

"Ìwọ tó ń wá ìbọ̀sẹ̀ lábẹ́ àga? Èmi ni mo gbé e lé ọ lọ́wọ́!"

Olóyè béèrè bí ẹ́líkì náà ṣe jìnnà tó.

"Ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀," ni Orrin wí.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta!" ni Lyle wí. "Ọta ìsọ̀ kankan ò lè débẹ̀."

Doyle Maddox, aládùúgbò wọn tó wà lórí òkè lọ́jọ́ náà, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọgọ́ta ni. Mo fi awò awọ̀nà-jíjìn mi wò ó. Ẹran náà fi ara ha igi, ó jẹ koríko, ó wo Orrin, ó yíjú wo Lyle. Mò ń gbọ́ káká níhìn-ín, káká lọ́hùn-ún, ìbọn kankan ò dún. Nígbà tó sú ẹran náà, ó bá tiẹ̀ lọ."

Olóyè ní kí wọ́n gbé ọta méjèèjì wá. Ó gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó gbé èkejì sí tòsì.

"Báwo ni tìrẹ ṣe yára tó, Lyle?"

Ojú Lyle tàn. "Ó fi igba ẹsẹ̀ bàtà yára ju 30-06 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Ìyá!"

"Ó dáa. Láti Ọjọ́rú títí dòní, ibo ló dé?"

"Ó... ó ṣì wà nínú páálí."

"Ìgbín yá jù ú lọ nìyẹn."

Orrin bú sẹ́rìn-ín.

"Orrin, pa ẹnu dé! Ìdí lo wò, o ò wojú. Ẹni tó ń fi ìdí dá èèyàn mọ̀ á mú ìyàwó oníyàwó relé." Ó tún wo ọta Lyle, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ ni èyí, ó wuyì, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá nǹkan tirẹ̀ ṣe, òun ló gbọ́dọ̀ jẹ́ káyé mọ̀ pé àdáṣe ni."

Ó wá dá ẹjọ́. Lyle yóò fi kútẹ́ẹ̀sì píńkì Arlys kun ìdí gbogbo ọta àdáṣe rẹ̀, igba ó lé ogójì, lójú gbogbo wa. Lọ́la, yóò bá Orrin gòkè láìgbé ìbọn, yóò máa mú ọta 30-06 fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò máa ka ojú àti ìdí rẹ̀ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́. Bí ẹran bá ṣubú, ẹ̀yìn Lyle ló máa gbé e sọ̀kalẹ̀. Orrin ní tiẹ̀ yóò máa dín páńkéèkì fún Arlys láràárọ̀ títí òjò dídì yóò fi yọ́. Arlys pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn títí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dé gbọ̀ngàn, níbi tí gbogbo wa ti ń dúró dè wọ́n. Lyle ló ṣáájú, itan ẹ́líkì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìka rẹ̀ pọ́n bí ti ìyàwó tuntun. Orrin tẹ̀ lé e, ó gbé orí ẹran náà lé èjìká, ẹ̀ka ìwo méjìlá.

"Ọta mélòó?" ni Olóyè béèrè.

"Ẹyọ kan péré, Ìyá," ni Orrin wí. Omi lé ròrò lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Gbogbo wa kọjú sí Lyle. Ó sọ itan kalẹ̀, ó nu òógùn.

"Ó kú lóòótọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ká ní tèmi ni, ì bá ti tètè kú ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Olóyè fi ìwo lu tábìlì. "Lyle, padà sókè lọ gbé itan kejì."