Bí Olúrántí Láníhùn Ṣe Ṣẹ́gun Eyín Kan ní Ilé Àwọn Àgbà

Kí ẹ̀fúùfù ó dákẹ́, kí ewúrẹ́ ó gbé igbe rẹ̀ mì, nítorí ẹnu mi fẹ́ pe akọni! Olúrántí Láníhùn ni mo fẹ́ kì, ọ̀gá kékeré ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ kan nílùú Òṣogbo, ìjì tí í jà láàárín tábìlì, kìnnìún tí í bú ramúramù mọ́ àwọn akọ̀wé tí kò lè fèsì. Ọmọ Láníhùn tó gbé ìbọn kọ́ ògiri títí aláǹtakùn fi sọ ọ́ di ilé. Ọmọọmọ Fágbúyì tó lé olè láti ìsàlẹ̀ ọjà dé òkè odò, tó sì ṣáájú olè náà délé. Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ: gbogbo ohun tí àwọn baba rẹ̀ sá fún ni òun náà ń sá fún.

Akọni yìí kò bẹ̀rù ọ̀gá, kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ibì kan wà láyé tí òun náà ti í sá: ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní Iléṣà, níbi tí ìyá rẹ̀, Màmá Adéọtí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ń gbé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ kò ti gbé e mọ́. Lóòótọ́ ni wọ́n sọ ọmọ ní Olúrántí, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló rántí Iléṣà lọ́dún tó kọjá. Bó bá débẹ̀, a bi ìyá rẹ̀ pé ṣé àlàáfíà ni, ìyá a ní àlàáfíà ni, ọ̀rọ̀ a sì tán. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ a kọjú sí fóònù. Ìyá tí kò ní fóònù a kọjú sí ògiri. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò a ti máa dún lọ́wọ́ akọni.

Ìgbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn, Fèyíṣara, àbúrò nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́fà, sunkún lẹ́nu ọ̀nà pé ibẹ̀ ń rùn bí oògùn, pé òun kò ní wá mọ́. Màmá gbọ́. Kò bínú. Ó kàn ní, "Rántí, má kó wọn wá mọ́. Ọmọ kì í ṣe ẹrù tí à ń fi ipá gbé." Ọ̀rọ̀ yẹn há akọni lọ́fun bí egungun ẹja, oṣù méjì, kò ṣeé tu dànù, kò ṣeé gbé mì.

Ló bá di ìhámọ́ra ogun. Lówùúrọ̀ Sátidé kan, ó kó lúdò kan, bàlúùnù méjìlá àti agolo bisikíìtì sínú mọ́tò, ó kó Fèyíṣara àti Tófúnmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sẹ́yìn, ó sì tẹ iná bí ọ̀gágun tó ń lọ gba ìlú tó ti sọnù.

Lúdò ló kọ́kọ́ ṣubú lójú ogun. Màmá kò rí àmì ara dáìsì, Tófúnmi sì ń ka márùn-ún níbi tí méjì wà. Bàlúùnù tẹ̀ lé e. Èkíní bẹ́ gbàù! Bàbá Ajíṣafẹ́, sójà àtijọ́ tó ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pariwo pé kí gbogbo ènìyàn dojú bolẹ̀, nọ́ọ̀sì sì gba mọ́kànlá tó kù. Akọni wo aago: ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ló bá ṣí bisikíìtì. Fèyíṣara bu ẹyọ kan jẹ, ó sì figbe ta.

Eyín ni. Eyín iwájú kan tó ti ń mì láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí akọni wa ti dojú kọ lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì ti sá fún lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí bó bá rí ẹ̀jẹ̀, òòyì a máa kọ́ ọ. Ó ti wá ń rọ̀ dirodiro báyìí. Olúrántí, àrá tí í sán ní ọ́fíìsì, di ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Gbé ọmọ náà wá fún mi," ni ìyá rẹ̀ wí.

Èyí kì í ṣe ohùn àlàáfíà-ni. Ohùn ẹni tó fi ogójì ọdún yọ eyín fún gbogbo ọmọ àdúgbò ni. Ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun wá òwú. Ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n láti àárọ̀ so òwú náà mọ́ eyín, kò sì gbọ̀n.

"Fèyí, ta ló lójo jù nínú ilé yín?"

"Dá—"

Fáà! Eyín ti bọ́ sọ́wọ́ Màmá.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti tán?" ni akọni bi ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

Ọmọ náà gbàgbé ẹkún. Ó ń fi ahọ́n wá àlàfo ẹnu rẹ̀ kiri, ó sì yọjú wo ẹnu Màmá, níbi tí eyín mẹ́rin péré ṣẹ́kù sí. "Ìyá àgbà, ta ló yọ tiyín?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ ti èyí tó bá egungun ẹran lọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó sọ ti èyí tí bàbá wọn fi orí kàn dànù nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Tófúnmi gbé fóònù sílẹ̀, ó sún mọ́ wọn. Kò pẹ́, àwọn ọmọ méjèèjì ti ń lọ láti àga dé àga, wọ́n ń ní kí àwọn àgbà yanu, wọ́n ń ka eyín.

Àwọn àgbà ní àfi ká ju eyín náà sórí òrùlé, kí alángbá má baà rí i, kí òmíràn lè hù. Bàbá Ajíṣafẹ́ ní òkúta mẹ́fà ló ń bá a lọ, nítorí ọdún mẹ́fà. Màmá ní méje ni tọmọbìnrin, bàbá kò sì borí. Wọ́n ti àga onítáyà Màmá jáde sí àgbàlá, arúgbó mẹ́jọ tẹ̀ lé e. Òrùlé ga. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ akọni.

Háà, ẹ wo apá bí ìtì ọ̀pẹ! Ẹ wo àyà bí ìlẹ̀kùn ààfin! Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù, ó fà sẹ́yìn, ó ju eyín àti òkúta sókè. Òkúta méjèèje gun òrùlé. Eyín nìkan ló padà wá bà lé fìlà Bàbá Ajíṣafẹ́.

"Rántí, ṣé o ò tíì jẹun ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í, ẹ̀rín sì gba gbogbo àgbàlá.

Ó tún un jù. Eyín gòkè bí àṣá, ó bà lé páànù, ó dún kín-ín, kò sì padà. Àwọn arúgbó pàtẹ́wọ́. Olúrántí wo aago: wákàtí méjì ti kọjá, kò mọ̀.

"Ti ìsàlẹ̀ yìí náà ti fẹ́ máa mì," ni Màmá wí, ó di àgbọ̀n Fèyíṣara mú.

"Ẹ má jẹ́ kí Dádì fọwọ́ kàn án o," ni ọmọ náà fèsì. "Ẹ̀yin lẹ máa yọ ọ́."

Màmá yíjú sí Rántí. "Máa kó wọn wá," ló wí.

Nítorí náà mo kéde, kí ọba ó gbọ́, kí ìjòyè ó gbọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sára àpáta: Olúrántí Láníhùn, géńdé ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, lọ kí ìyá tó bí i lọ́mọ, ó jókòó tì í fún odidi wákàtí méjì, kò sì kú!