Ọnọ́rébù, Tíṣà àti Afárá Orí Pátákó

Ẹjọ́ tí wọ́n gbé dé ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, n kò mọ bí n ó ṣe rò ó tí ẹ ò ní ní mo ń parọ́. Pálọ̀ Baálẹ̀ la ń pè ní ààfin o, ṣùgbọ́n bí ìjòyè mẹ́ta bá ti jókòó tí wọ́n le ojú koko, ààfin náà nìyẹn.

Olùpẹ̀jọ́ ni Ọnọ́rébù Akóredé, kánsẹ́lọ̀ àdúgbò wa níbí ní Ẹdẹ. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Tíṣà Fawziyah, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé karùn-ún ní sífíìkì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àti ẹ̀tọ́ aráàlú. Ọnọ́rébù ní àfi kí Baálẹ̀ bá òun fọwọ́ sí i kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń bọ́ ọmọ méjì. Ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn, kò mọ ohun tó ń lọ.

"Kábíyèsí," Ọnọ́rébù bẹ̀rẹ̀. Baálẹ̀ kì í ṣe kábíyèsí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún un ṣe, inú Baálẹ̀ gan-an sì dùn sí i. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin kan ní káńsù."

"Kí ni òfin náà sọ?"

"Pé tíṣà kankan ò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìjọba láìkọ́ ọ ní apá méjèèjì. Kó má gbè sápá kan. Èmi gan-an ni mo dábàá rẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́. Kí wá ni tíṣà ṣe?"

"Ó kó àwọn ọmọ lọ sídìí afárá mi."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Odò kékeré kan wà níwájú ilé-ìwé náà. Ohun tí Ọnọ́rébù ṣe síbẹ̀ ni pátákó kan tó rẹwà púpọ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé iṣẹ́ afárá ti parí. Pátákó náà kò tíì ṣí kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Afárá ni a kò tíì rí.

Baálẹ̀ yíjú sí tíṣà. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Òfin wọn ni mo tẹ̀ lé. Mo kọ́ àwọn ọmọ pé kánsẹ́lọ̀ ló ń rí sí afárá àdúgbò. Àwọn kan ní afárá wà níbẹ̀, àwọn yòókù ní kò sí. Ọ̀rọ̀ di apá méjì."

"O wá ṣe báwo?"

"Mo kó wọn lọ síbẹ̀. Mo ní kí àwọn tó gba ojú wọn gbọ́ dúró lápá kan, kí àwọn tó gba pátákó gbọ́ dúró lápá kejì."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo ní kí àwọn tó gba pátákó gbọ́ gba orí afárá kọjá."

"Wọ́n sì kọjá?"

"Wọ́n bọ́ sómi, Bàbá. Omi ò ju orúnkún lọ, mo sì ti wà nínú rẹ̀ tí mò ń dúró dè wọ́n. N kò lè dá wọn dúró ni, kí wọ́n má baà ní mo gbè sápá kan."

"Ẹ ò rí nǹkan!" ni Ọnọ́rébù wí. "Bàbá Pátákó ni àwọn ọmọ ń pè mí báyìí. Àwọn ọlọ́kadà náà ti ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Ó pe ẹlẹ́rìí rẹ̀ àkọ́kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé, ọ̀gá ilé-ìwé náà.

"Ǹjẹ́ afárá wà níbẹ̀?" Baálẹ̀ bi í.

"Ó wà níbẹ̀ dáadáa, Bàbá. Orí rẹ̀ ni mo gbà wá."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ká ṣòkòtò yín dé orúnkún?"

"Ooru ni, Bàbá."

"Bàtà yín ńkọ́?"

"Ó wà nínú ọ̀rá, Bàbá."

"Nítorí ooru náà ni?"

Ọ̀gá ilé-ìwé wo ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e fún un. Ọnọ́rébù yára pe ẹlẹ́rìí kejì, Ìyá Zulfah, tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó bọ́ sómi.

"Ọmọ mi tutù rínrin délé," obìnrin náà wí. "Inú bí mi burúkú. Mo gbéra, mo fẹ́ lọ bá tíṣà yìí jà."

"Ẹ gbọ́ ọ," ni Ọnọ́rébù wí.

"Nígbà tí mo wá dé etí odò…"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Èmi náà bọ́ sómi."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Zulfah, àgbàlagbà bíi tiyín, ẹ̀yin náà gba pátákó gbọ́?"

"Rárá o. Fọ́tò yín tó wà lára rẹ̀ ni mo gbà gbọ́, Bàbá."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Baálẹ̀. Òótọ́ ni, fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀, tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, níbi tó ti ń ṣí afárá. Kò sí ìjòyè tó mọ ibi tí yóò wò.

"Mo rántí ọjọ́ yẹn," Baálẹ̀ wí. "Wọ́n fún mi ní àlùmágàjí, mo gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì gbé mi padà sínú ọkọ̀. N kò wo ẹ̀yìn rìbọ́ọ̀nù." Ó tún fìlà orí rẹ̀ ṣe. "Òfin Ọnọ́rébù dára, a ó sì lò ó. Tíṣà ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àṣìṣe rẹ̀ kan ni pé ó ní kí àwọn ọmọ dúró fún apá ìjọba. Ìjọba ló yẹ kó dúró fúnra rẹ̀. Láti ọ̀la lọ, Ọnọ́rébù, ẹ̀yin lẹ ó máa pọn àwọn ọmọ kọjá odò láàárọ̀, ẹ ó sì máa pọ̀n wọ́n padà lọ́sàn-án, títí afárá yóò fi dé."

"Kábíyèsí, mo ní mítìn láàárọ̀."

"Ẹ bá wọn ṣe é létí odò."

Ìjòyè kan wúkọ́. "Bàbá, fọ́tò tiyín ńkọ́?"

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Èmi á máa gbé báàgì wọn."

Mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí. Baálẹ̀ wà nínú omi, ó gbé báàgì kọ́ ọrùn àti apá méjèèjì. Ọnọ́rébù pọn Zulfah, agbádá rẹ̀ ti tutù dé ìdí. Tíṣà Fawziyah dúró lódì kejì pẹ̀lú kíláàsì rẹ̀, ó ní kí Ọnọ́rébù sọ fún wọn, kí ni iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀?

"Kó rí sí afárá," Ọnọ́rébù dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Tíṣà ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.